Ẹja Kú Nínú Àpótí Dígí: Ẹ Bi Omi Léèrè Kí Ẹ Tó Mú Ọmọ Ọlọ́mọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣèlérí fún yín pé n ó sọ̀rọ̀ nípa ikán tí ń jẹ igi àjà. Ẹ forí jì mí. Lẹ́tà kan wọlé tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, mo sì rí i pé ikán lè dúró dè wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí kò lè dúró, nítorí pé ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan ní Abẹ́òkúta ló kọ ọ́. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò:

“Ẹ̀gbọ́n, mo ní àpótí dígí kan nínú pálọ̀ mi tí mo ń sin ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà sí. Ẹja 11 ni wọ́n. Oṣù márùn-ún ni mo fi sìn wọ́n tí ọ̀kan ṣoṣo kò kú. Láti Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí mo ti ń kọ̀wé yìí, 3 ló kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ọmọ ọdún 12, ló ń fún wọn lóúnjẹ. Mo bá agolo oògùn ẹ̀fọn lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Mo bi í, ó ní òun kò fi kan ẹja. Mo nà án, ó ní òun kò fi kan ẹja. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ọmọ náà yóò padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní abúlé. Ẹ jọ̀wọ́, oògùn wo ni mo lè rà fún mẹ́ta tó kù?”

Ẹ ò rí nǹkan? Ẹja ni ó béèrè oògùn fún. Kò béèrè ohunkóhun nípa ọmọ. Ẹjọ́ ti ọmọ ti parí lọ́dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni sáà ẹ̀kọ́ kò tíì parí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa rẹ́rìn-ín. Ẹja tí a kì í sè, tí a kì í yan! Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé àpótí dígí wọ ilé mi, ìyá àgbà kan ládùúgbò wá wò ó. Ó wò ó títí, ó ní, “Ọmọ mi, ìgbà wo ni wọn óò tó í jẹ?” Mo ní a kì í jẹ wọ́n, ìyá. Ó ní, “Kí ni ẹ wá fi ń ṣe?” Mo ní à ń wò wọ́n ni. Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tó jókòó, tó ń wo ẹja bí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láìpariwo, yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Bí ẹja bẹ́ẹ̀ bá kú, ó ń dunni. N kò bá ọ̀gbẹ́ni yìí wí pé inú bí i. Ohun tí mo bá a wí sí ni pé ó wá ẹlẹ́bi kí ó tó wá ohun tó fa ikú.

Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, mo sì pè é lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní kí ó jẹ́ kí n bi òun ní ìbéèrè mẹ́ta péré.

Mo ní, “Ṣé òru kan náà ni ẹja wọ̀nyí kú?”

Ó ní rárá o. Ọ̀kan kú ní Sátidé, méjì kú ní ọjọ́ Ajé, ọ̀kan ní Ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi di mẹ́jọ.

Mo ní, “Báwo ni wọ́n ti ń ṣe kí wọ́n tó kú?”

Ó ní ńṣe ni wọ́n máa ń wá sí ojú omi, tí wọ́n ń la ẹnu gbà-gbà bí ẹni tó sáré dé láti ọ̀nà jíjìn. Lẹbẹ wọn, èyí tí wọ́n fi ń wẹ̀, kì í nà mọ́, ńṣe ni wọ́n ká a mọ́ ara. Abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn níbi tí wọ́n fi ń mí pọ́n ju bó ti yẹ lọ, bí ibi tí wọ́n fi abẹ họ.

Mo ní, “Kí lẹ ṣe sí àpótí náà ní ọ̀sẹ̀ tí ikú bẹ̀rẹ̀?”

Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan. Mo tún bi í. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá ní, “Àfi pé mo fọ̀ ọ́.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ wá kí i ní Sátidé náà, ó sì fẹ́ kí pálọ̀ òun dára lójú wọn. Ní Tọ́sìdeé, ó da gbogbo omi àpótí nù. Ó fi ọṣẹ fọ òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Ó yọ fóòmù inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ó fi bílíìṣì fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi títí ó fi funfun bí òwú. Ó wá pọn omi ẹ̀rọ kún àpótí, ó sì dá ẹja padà sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ó ní, “Ó mọ́ tónítóní, ẹ̀gbọ́n. Ì bá wu ẹ̀yin náà láti wò ó.”

Mo sọ fún un pé mo gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀fọn kúrò lọ́nà. Oògùn inú agolo tí à ń fín sí ẹ̀fọn àti aáyán léwu fún ẹja púpọ̀púpọ̀. Kékeré rẹ̀ tí kò ní ṣe ènìyàn ní nǹkan kan lè pa gbogbo ẹja inú àpótí. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fín in nínú yàrá tí ẹja wà, ẹ bo àpótí náà dáadáa, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ yẹn ni yóò fa oògùn wọ inú omi. Ṣùgbọ́n ẹja tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá mú a máa sáré kiri bí wèrè, a máa yí bìrí, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n, kì í sì í pẹ́ kí ó tó kú. Gbogbo wọn ni í sábà mú pọ̀. Oògùn ẹ̀fọn kì í ka ẹja ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó mú ọ̀kan lónìí kí ó sì sinmi títí di ọ̀tunla. Ohun tó ń pa ẹja díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, inú omi náà ló ti ń hù jáde.

Ẹja ń mí, ó ń jẹun, ó sì ń yàgbẹ́ sínú omi kan náà. Láti ibi tó fi ń mí gan-an ni ohun olóró kan tí à ń pè ní amóníà ti ń jáde lára rẹ̀. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù tó sì jẹrà náà a máa di amóníà. Nínú odò ńlá, kì í ṣe nǹkan kan. Nínú àpótí dígí, bí kò bá sí ẹni tí ń kó o, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni yóò máa jó ẹja níbi èémí rẹ̀. Òun ló fà á tí ẹja fi ń la ẹnu lójú omi bí ẹni pé atẹ́gùn kò sí.

Ta wá ni ẹni tí ń kó o? Ní nǹkan bí ọdún 1890, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Rọ́ṣíà kan, Sergei Winogradsky, fi hàn pé àwọn kòkòrò kan wà tí ojú wa kò lè rí, tí amóníà jẹ́ oúnjẹ wọn. Irú kan nínú wọn ń sọ amóníà di nítíráìtì, tí òun náà ṣì lè pa ẹja. Irú kejì ń sọ nítíráìtì di nítíréètì, èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí ewéko inú omi ń jẹ, tí pípààrọ̀ omi sì ń dín kù. Ara òkúta, ara dígí, àti pàápàá inú fóòmù ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà fi ń pọ̀ tó nínú àpótí tuntun. Agbálẹ̀ ọjà ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í rí wọn, àfi ọjọ́ tí wọn kò bá wá.

Ọ̀gbẹ́ni wa yìí da bílíìṣì lé àwọn agbálẹ̀ rẹ̀ lórí ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Omi ẹ̀rọ tó pọ̀n kún un náà ní kílórínì tí ìjọba fi ń pa kòkòrò inú omi mímu. Ó dára fún wa, ṣùgbọ́n ó ń jó ẹja, ó sì ń pa ìyókù àwọn agbálẹ̀. Kí ẹ sì wá wo ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Nígbà tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀, ó pàṣẹ fún ọmọ náà pé kí ó fi kún oúnjẹ wọn kí wọ́n lè lágbára. Ọmọ náà ṣe bí wọ́n ti wí. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ bá jẹrà nísàlẹ̀, amóníà ń pọ̀ sí i.

Mo ní kí ó má ra oògùn kankan. Mo ní kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò fún àwọn ọlọ́sìn ẹja àrọ̀, kí ó ra èyí tí wọ́n fi ń dán amóníà wò. Ẹ óò bu omi díẹ̀ sínú ìgò kékeré, ẹ óò kán oògùn rẹ̀ sí i, ẹ óò sì fi àwọ̀ tó bá yọ wé èyí tó wà lára páálí. Nínú irú èyí tó rà, bí omi bá dúró ní yẹ́lò, àlàáfíà ni. Bó bá ń di àwọ̀ ewé, amóníà wà níbẹ̀. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì. Ó ní tòun dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gún.

Ohun tí mo ní kí ó ṣe nìyí. Kí ó dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹja tó ti dàgbà kì í ṣe bí ènìyàn, ebi ọjọ́ mẹ́ta kò ní pa á. Kí ó máa pààrọ̀ ìdá mẹ́ta omi lójoojúmọ́, kí ó má da gbogbo rẹ̀ nù mọ́ láéláé. Omi tí yóò fi rọ́pò gbọ́dọ̀ ti sùn nínú garawa tí kò ní ìdérí fún wákàtí 24, kí kílórínì lè fò lọ, kí ooru rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ti inú àpótí. Kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ atẹ́gùn máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru bí iná bá wà. Bí iná kò bá sí, kí ó máa fi ife bu omi, kí ó máa dà á padà láti òkè. Kí ó sì bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí àpótí tirẹ̀ ti pẹ́, tí ẹja rẹ̀ kò sì ṣàìsàn, kí ó gé fóòmù ìdọ̀tí díẹ̀ fún òun láti inú ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó fi sínú tirẹ̀. Ìdọ̀tí yẹn ni irúgbìn. Nígbà tí amóníà bá sì ń di nítíráìtì, kí ó po iyọ̀ lásán mọ́ omi, gíráàmù kan sí lítà kan, nítorí pé iyọ̀ kì í jẹ́ kí nítíráìtì ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja. Bí nítíráìtì bá wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a dúdú bí kofí, ẹja a sì máa wá èémí nínú omi tí atẹ́gùn kún inú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń lo háípò láti lé kílórínì kúrò bí wọn kò bá ráyè dúró. Háípò àwọn ayafọ́tò àtijọ́ ni wọ́n ń wí o, èyí tó rí bí iyọ̀ wóró-wóró. Ẹ má ṣì í mú fún háípò tí à ń fi fọ aṣọ funfun! Orúkọ wọn jọra, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń pa kílórínì, èkejì sì ni kílórínì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pe èkejì, ẹja rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni yìí kò fẹ́ gbà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò wá sí oògùn tí mo lè kán sí i ni?” Gbogbo wa la rí bẹ́ẹ̀. A fẹ́ ra nǹkan. Mo wá sọ ohun kan fún un tí n kò tíì kọ sínú ìwé ìròyìn rí.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi wà ní ọmọ ọdún méje, ó ní ẹja pupa méjì tí wọ́n ń pè ní goldfish, nínú àpótí tó gba omi lítà 40. Ọ̀kan yọ nǹkan funfun lára. Mo ra oògùn tó wá láti Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀ pé ṣíbí ìmutíì kan fún gálọ́ọ̀nù 10. Èmi ka 40, mo fi ṣíbí mẹ́rin sí i. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́rin, nítorí náà ṣíbí kan péré ló tó gbogbo àpótí náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja méjèèjì ti dojú dé. Ọmọ mi bi mí pé, “Bàbá, ṣé oògùn yẹn ni?” Mo ní rárá, mo ní ẹni tó tà wọ́n fún wa ló ta ẹja aláìsàn fún wa. Irọ́ ni mo pa. Ọkùnrin tó ta ẹja náà ń kọjá níwájú ilé wa fún ọdún bíi mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ mi kì í sì í dáhùn bó bá kí i.

Ó dákẹ́ lórí fóònù. N kò fi kún un.

Láti ìgbà náà, n kì í fojú díwọ̀n mọ́. Ẹ fi rúlà wọn gígùn, ìbú àti gíga omi inú àpótí ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ fi 1,000 pín in, lítà ni yóò fún yín. Ti ọ̀gbẹ́ni yìí jẹ́ 60 ní gígùn, 30 ní ìbú, 35 ní gíga, èyí tó jẹ́ lítà 63. A yọ ti òkúta kúrò, a pè é ní 54.

Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dára. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn èyí, fóònù mi tún dún. “Ẹ̀gbọ́n, òmíràn ti dé. Ó dà bí ẹni pé wọ́n bu iyọ̀ wọ́n wọn lára.” Inú mi dùn díẹ̀ pé kò sọ pé ọmọ náà ló bu iyọ̀. Mo ní, “Ṣé ẹ fi nǹkan tuntun sínú omi?” Ó tún dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ra ẹja méjì kún mẹ́ta tó kù, nítorí pé àpótí ń ṣófo.

Àìsàn yìí ni ẹ fẹ́ mọ̀ dáadáa, nítorí pé òun ló pọ̀ jù lọ nínú àpótí ẹja. Ohun ẹlẹ́mìí kékeré kan ló ń fà á, tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Fouquet, sọ lórúkọ ní ọdún 1876. Ichthyophthirius multifiliis ni wọ́n ń pè é, àwọn olówò ẹja sì gé e kúrú sí Ich. Bí a bá tú orúkọ náà sí èdè wa, “iná ara ẹja, ọlọ́mọ púpọ̀” ni, orúkọ náà sì rò ó. Kóró funfun kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń rí lára ẹja, ọ̀kan nínú wọn ni, tó wà lábẹ́ awọ tó ń jẹun. Níbẹ̀, kò sí oògùn tó ká a. Bó bá yó, yóò já bọ́ sí ìsàlẹ̀ omi, yóò fi nǹkan bo ara rẹ̀, yóò sì pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Àwọn ọmọ yìí yóò tú jáde wá ẹja kiri. Èyí tí kò bá rí ẹja láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì yóò kú. Ìgbà tí wọ́n ń wá kiri yìí nìkan ni oògùn lè pa wọ́n.

Ẹ kíyè sí ibi tí ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Ẹ kán oògùn lónìí. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, kóró funfun pòórá lára ẹja. Inú yín dùn, ẹ gbé oògùn sọ́wọ́ kan. Kò sàn o! Ńṣe ni wọ́n lọ bímọ nísàlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, níbi tí kóró mẹ́wàá ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ óò bá ọgọ́rùn-ún. Nínú omi ilẹ̀ wa tó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 28 lórí ìwọ̀n Celsius, gbogbo ìrìn wọn kì í gbà tó ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ẹ ṣe ìtọ́jú fún ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán, bí ara ẹja tilẹ̀ mọ́ kí ó tó pé.

Fún ẹja marùn-ún rẹ̀, iyọ̀ ni mo ní kí ó lò. Gíráàmù méjì sí lítà kan, èyí tó jẹ́ gíráàmù 108 nínú lítà 54. Kí ó pín in sí mẹ́ta, kí ó pò ó nínú ife kí ó tó dà á sí i, láàárín ọjọ́ méjì. Bó bá sì pààrọ̀ omi, iyọ̀ tó bá omi náà jáde nìkan ni kí ó dá padà. (Ẹja tí kò ní ìpẹ́ kì í fẹ́ràn iyọ̀ púpọ̀, ewéko inú omi náà bẹ́ẹ̀.) Bó bá ní ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, kí ó gbé ooru sókè díẹ̀díẹ̀ dé 30, kí ìrìn kòkòrò náà lè yá. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná kì í gba atẹ́gùn tó omi tútù. Ní ìwọ̀n 20, omi lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 nínú lítà kan, ní 30 kò ju nǹkan bíi 7 àti ààbọ̀ lọ. Kí ẹ̀rọ atẹ́gùn má dákẹ́ nìyẹn. Lójoojúmọ́, kí ó fi rọ́bà fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ tí kò tíì bí ló ń fà dànù yẹn.

Oògùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà fún un, tí wọ́n fi malachite green àti formalin ṣe, lágbára gidi. Bí ẹ bá lò ó, ẹ wọn omi yín bí mo ti wí. Ẹ̀yin tó ń sin ẹja tí a ó jẹ, ẹ má fi malachite green kan án rárá. Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà á láàyè fún ẹja jíjẹ.

Kápúsù ńkọ́? Mo mọ àwọn tó ń tú kápúsù tí wọ́n rà ní ilé oògùn sínú omi ẹja. Kápúsù apa-bakitéríà kò lè pa Ich, nítorí pé Ich kì í ṣe bakitéríà. Àwọn agbálẹ̀ ni ó lè pa, ẹ óò sì padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àìsàn tó kù, n ó sáré mẹ́nu kàn wọ́n. Bí ohun tí ẹ rí bá kéré ju iyọ̀ lọ, tó ń dán bí eruku wúrà nígbà tí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹja lára nínú òkùnkùn, kì í ṣe Ich, velvet ni wọ́n ń pè é, ó sì yára pa ẹja jù ú lọ. Bí nǹkan bí òwú bá hù lójú egbò, olú inú omi ni, ẹ tọ́jú egbò náà kí ẹ sì tún omi ṣe. Ṣùgbọ́n bí funfun náà bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu, tàbí tó gun ẹ̀yìn ẹja bí gàárì ẹṣin, bakitéríà kan tí ń jẹ́ columnaris ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má gbé ooru omi sókè fún ìyẹn, ooru ló fẹ́, ó sì lè pa ẹja láàárín ọjọ́ kan. Lẹbẹ tó ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, omi ìdọ̀tí ló sábà ń fà á.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹja tí ikùn rẹ̀ wú, tí ìpẹ́ rẹ̀ sì dìde lára bí ìyẹ́ adìẹ tí òjò pa. Nígbà tí ìpẹ́ bá fi máa dìde bẹ́ẹ̀, inú ti bàjẹ́, díẹ̀ ló ń yè é. Ẹ yà á sọ́tọ̀. Bó bá ń jìyà jù, òróró kànáfùrù tí a pò mọ́ omi nínú àwo kékeré yóò mú un sùn, bí ó bá sì pọ̀ tó, kò ní jí mọ́. Ẹ má gbé e sọ sórí ilẹ̀ kí ó máa jà.

Ẹja tuntun, ẹ fi í sínú garawa tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó bá àwọn ará ilé jókòó. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra òmíràn, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń pè ní kribensis. Ẹja odò gúúsù Nàìjíríà wa níhìn-ín ni, kò ju ìka ọwọ́ lọ púpọ̀, ikùn abo rẹ̀ a sì máa pọ́n dẹ̀dẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin. Boulenger kọ nípa rẹ̀ ní London ní ọdún 1901, àwọn òyìnbó sì ń sìn ín ní pálọ̀ wọn, tí wọ́n ń da ìkòkò kékeré dé fún un kí ó lè rí ibi yé sí. Àwa tí a ni odò, goldfish là ń rà.

Ọ̀gbẹ́ni Abẹ́òkúta pè mí ní alẹ́ Àìkú tó kọjá. Ọ̀kan nínú méjì tó rà kú, mẹ́rin yè, ara wọn mọ́, ó sì ti lo ọjọ́ mẹ́wàá pé. Omi rẹ̀ ti padà sí yẹ́lò. Mo bi í pé agolo oògùn ẹ̀fọn ńkọ́. Ó ní nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yàrá ọmọ náà ló ya, láti ìgbà òjò, ọmọ náà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn ń fín oògùn kí ó tó sùn ni. Mo bi í pé ṣé ọmọ náà ti lọ. Ó ní rárá, ó wà nílé ẹ̀kọ́. Kò sọ fún mi pé òun bẹ̀ ẹ́, n kò sì béèrè. Ó ní òun ti ra nẹ́ẹ̀tì tuntun, káfíńtà yóò wá kàn án lọ́la, àti pé ọmọ náà ló ń fi rọ́bà fa ìdọ̀tí àpótí báyìí, ó mọ̀ ọ́n ṣe ju òun lọ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ikán.